Lẹ́tà Tí N Kò Kà Dé Ìparí

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì n'Íbàdàn, kọ́bọ̀ márùn-ún ni wọ́n ń ta ìwé ìròyìn. Lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Heathway ní London níbí, èyí tó bá nípọn díẹ̀ ti lé ní pọ́n-ùn mẹ́ta. Mo máa ń gbé e wò, n óò sì dá a padà sórí pẹpẹ. Kọ́bọ̀ márùn-ún ìgbà yẹn pàápàá kò rọrùn fún wa, àwa mẹ́fà la máa ń dá a. Ẹni márùn-ún á mú kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan wá. Ẹni kẹfà kò ní san nǹkan kan, torí òun ni yóò ka ìwé ìròyìn náà sókè fún gbogbo wa.

Ojú ewé lẹ́tà àwọn òǹkàwé la fẹ́ràn jù. Tíṣà, akọ̀wé, àgbẹ̀ tó mọ̀wé díẹ̀, gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n fẹ́ bá ìjọba sọ. Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fèsì títí a ó fi ka orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, èyí tó máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá já lu ọ̀rọ̀ ni yóò dá san owó ọjọ́ kejì. Èmi ni mo máa ń san án jù.

"Ọmọ Ìjẹ̀bú, mú kọ́bọ̀ márùn-ún wá," ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Èkìtì á wí. "Ẹnu rẹ yá ju etí rẹ lọ."

"Bí mo bá ní kí n dúró dè ọ́, ilẹ̀ á ṣú. Ò ń kàwé bí ẹni tó ń gun òkè ìlú yín."

Lẹ́yìn tí a jáde, mo wá sí London, mo gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham, ìwé ẹ̀rí mi sì wà nínú àpótí. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi yìí wá kí mi fún oṣù mẹ́ta. Kò padà. Ọdún méjì ló fi gbé yàrá kékeré òkè ilé mi láìní ìwé ìgbélùú. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, á rọra gun àtẹ̀gùn lọ, á ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, á sì ṣí omi, kó lè dà bíi pé ará ilé kan ló ń wẹ̀. Ìyàwó mi a máa sọ pé kò sí ọkùnrin tó mọ́ tó o ní gbogbo Dagenham. Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà gbà á. Ó lọ, ó di tíṣà, ó gbé ọmọ Yorùbá kan níyàwó níbẹ̀, ó sì di ọmọ ìlú wọn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní Tẹ́sáàsì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìlú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ gbàdúrà nílé ẹ̀kọ́. Ó ní ìyá àti bàbá ló yẹ kó yan ìwé tí ọmọ wọn ń kà, kì í ṣe ìjọba. Ó ní kí ìjọba yé ná owó tí kò ní. Àwọn òyìnbó àgbà ibẹ̀ á yìn ín, àwọn mìíràn á bú u, òun á sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lórí fóònù. Àwa ọmọ kíláàsì wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó wa náà wà níbẹ̀, àti àwọn opó àwọn tó ti lọ.

N kò ní purọ́, mo gbà pẹ̀lú ìdajì ohun tó ń sọ. N kò kàn sọ fún un ni. Ohun tó máa ń kọ nípa àwọn àjèjì tó ń wọ ìlú wọn ni n kò fẹ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òyìnbó àgbà tó jẹ́ aládùúgbò mi ní òpópónà Alibon ń sọ ọ́ fún mi lórí ògiri ọgbà pé èèyàn ti wọ àdúgbò yìí jù. "Kì í ṣe ìwọ o," á wí, "ìwọ ò níṣòro." Á sì na tòmátì sí mi. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ohun tí mo fi ẹ̀rín gbà lẹ́nu aládùúgbò, n kò lè gbà á lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Marks Gate. Mo ń dúró de bọ́ọ̀sì nígbà tí lẹ́tà tuntun wọlé. "Ẹ ti ilẹ̀kùn," báyìí ló bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó bá wọlé láìní ìwé, kó padà, kó lọ tò sórí ìlà bí àwọn ẹlòmíràn." Fóònù a máa fi ìyókù ọ̀rọ̀ gígùn pamọ́ títí èèyàn yóò fi tẹ̀ ẹ́. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ta ló ń sá sí balùwẹ̀ mi fún ọdún méjì? Orí ìlà wo lo tò sí nígbà yẹn?"

Mo fi ránṣẹ́. Inú mi dùn. Bọ́ọ̀sì dé, mo wọlé, mo jókòó.

Opó ọ̀kan nínú wa ló kọ́kọ́ fèsì lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ka lẹ́tà náà tán?"

Ìgbà náà ni mo tó tẹ̀ ẹ́. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun fúnra òun ti jẹ́ ẹni tí kò níwèé nílùú onílùú, pé ọ̀rẹ́ kan fi òun pamọ́ ní London, kò sì bi òun lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo lòun máa lọ. Ó ní òun mọ bí ó ti rí kí àgbàlagbà máa sá fún ẹni tó wá ta búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní nítorí náà ni òun ṣe fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà, kó sì ní ẹni tí yóò máa ṣí i fún ẹni tó bá kàn án.

Ó pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ìyàwó mi ti kà á."

"Lẹ́tà rẹ?"

"Tìẹ. Lẹ́tà mi ti sú u, kì í kà á mọ́. Tìẹ kúrú." Ó tún ní, "Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò sọ fún un rí pé mo gbé London láìníwèé. Lọ́jọ́ Sunday yìí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo fẹ́ kà á sí i létí, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde."

"Jọ̀ọ́, má bínú. N kò kà á tán ni."

"Mo mọ̀. Ìgbà wo lo kà á tán rí?"

Ó ní òun ti sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kúrò nínú ẹgbẹ́ wa.

Ó ti lé lọ́dún kan. Bí mo bá pè, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e. "Ó sùn, sà. Ó ní kí n kí yín." Mo kọ lẹ́tà sí i, mo lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, n kò rí èsì. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń ṣí ojú ewé àwọn òǹkàwé ìlú rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣì ń jà lórí owó orí àti lórí bọ́dà. Mo ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan dé orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tó fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ, èmi ló bá a sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ di èébú.

Nínú àwa mẹ́fà, ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù jù kò pé ogójì ọdún tó fi kú. Ọkọ opó tó bi mí léèrè yẹn náà ti lọ, n'Íbàdàn. Ẹni kẹta kú ní Èkó lọ́dún tó kọjá. Ọ̀kan wà láàyè ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ará Èkìtì wà láàyè ní Tẹ́sáàsì, ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi. Èmi náà wà.