Ìwé Ìjà Tí Mo Fi Lé Màmá Gouka Jáde

Nínú gbogbo ohun tí àwọn ẹranko inú eré orí ẹ̀rọ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ràn. Àwọn kan ń tu iná lẹ́nu, àwọn kan ń sán bí àrá, àwọn kan ń sọ òkúta. Èyí tí mo fẹ́ràn kì í pariwo. Yóò kàn lẹ̀ mọ́ ọ̀tá lára, yóò sì máa fa ẹ̀mí rẹ̀ mu. Ohun tó bá fà kúrò lára ẹni yẹn, ìdajì rẹ̀ yóò wọ ara tirẹ̀. Ẹ ó máa wo ìlà ẹ̀mí ọ̀tá lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń kúrú, tí ti ẹranko yín sì ń gùn sí i. Ní Faransé ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n Fàmu ni èmi àti àbúrò mi ń pè é. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje. Mo gbádùn Fàmu ju bó ṣe yẹ kí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa gbádùn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ló mú ẹ̀rọ eré náà wá fún wa sí Bantè. Àlòkù ni, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo fi jókòó lé e lórí, tí ojú rẹ̀ fọ́. Inú bàbá mi dùn sí i. Télọ̀ ni bàbá mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìwé, èsì ilé ìwé mi ọdún yẹn sì burú. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ nípa eré ẹranko mọ́ nínú ilé òun, ẹni tí òun bá sì tún ká mọ́ ọn, pàṣán ni yóò bá a sọ̀rọ̀. Mo gbọ́. Mo wá gbé eré náà sínú ìwé.

Kàyé kan, ìwé ìkọ̀wé ilé ìwé tí mi ò tíì lò, ni mo mú. Mo kọ orúkọ ẹranko kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, mo kọ iye ẹ̀mí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ya àwòrán rẹ̀. Ìdérí ìgò la fi ń jà. Bí ìdérí bá dojú délẹ̀, ìjà ba ọ̀tá. Bó bá ṣí sókè, ó tàsé. Lẹ́yìn náà ni n ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní Faransé, bí ẹ̀rọ ṣe máa ń kọ ọ́. Orúkọ ará ilé la sọ àwọn ẹranko wa. Àbúrò mi ní orúkọ ara òun lòun fẹ́ fún tòun, kò sì gbà kí n yí i lérò padà. Ẹranko mi tó ní Fàmu, Màmá Gouka ni mo sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Màmá Gouka. Ó ti lọ́kọ ní Gouka, kò bímọ, ọkọ kú, àwọn ẹbí ọkọ sì gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá padà wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi pọn bàbá mi dàgbà. Kí ló ṣe fún mi? Ó máa ń ta omi tútù sí mi lójú kí n lè dìde kírun àárọ̀. Ó ní ìdí mi wúwo bí odó. Ó máa ń yẹ abọ́ mi wò bóyá mo ti jẹ ẹran àbúrò mi mọ́ tèmi, mo sì máa ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Mo yà á sínú kàyé pẹ̀lú eyín gígùn méjì, ikùn rẹ̀ sì tóbi.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ibà gbé àbúrò mi. Màmá mi máa ń lọ ta gàrí ní Savalou, kì í gbélé lọ́sàn-án, Màmá Gouka ló ń tọ́jú ọmọ. Wọ́n fún wa ní oògùn oríṣi mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, wákàtí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Màmá Gouka kò mọ̀wé. Ó ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun bí òun bá ti lo ọ̀kan fún un, kí òun má baà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Kàyé ìjà wa ló wà nítòsí, òun ni ó nà sí mi. Mo dorí rẹ̀ kodò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn láti ẹ̀yìn wá. Ó fi ṣọ́ọ̀kì búlúù tí bàbá mi fi ń sàmì aṣọ fa ìlà méjì sára kàyé náà kí ẹnikẹ́ni má ya á. Láti ọjọ́ yẹn, kàyé Màmá Gouka ni gbogbo ilé ń pè é.

Ṣùgbọ́n ìjà ṣì ń lọ níwájú kàyé. Àbúrò mi dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ètè rẹ̀ gbẹ, ó ṣì fẹ́ ṣeré. Ó yẹ kí n jẹ́ kó borí. N kò jẹ́ kó borí. Mo ń fi àtàǹpàkò yí ìdérí ìgò padà nígbà tí kò wò mí, mo sì ń fi Màmá Gouka fa ẹ̀mí rẹ̀ mu lójoojúmọ́. Nígbà tí ó sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Ó ń rù, mo ń kọ iye tó kù fún un.

Ọjọ́ kejìlá àìsàn náà, ọjọ́ Jímọ̀, màmá mi kò lọ sí Savalou. Ó gbọn ẹní ọmọ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kàyé sì jábọ́. Màmá mi kàwé díẹ̀ kó tó lọ́kọ, ó lè ka Faransé, bó tilẹ̀ ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ó kà á lórí ìdúró. Ó jókòó, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ló pe bàbá mi láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì pe Màmá Gouka tó ń fọ aṣọ ọmọ lẹ́yìnkùlé.

Bàbá mi gbé kàyé náà sókè. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé tiyín nìyí?”

Màmá Gouka nu ọwọ́ rẹ̀. Ó rí ìlà búlúù méjì. “Tèmi ni.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ yìí kọ ohun tó wà nínú rẹ̀?”

“Èmi ni. Ti àbúrò rẹ̀ ni. Mi ò fo ọjọ́ kan.”

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí etí wọn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Màmá Gouka lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọ ní mẹ́rìndínlógójì. Màmá Gouka fa méjìdínlógún mu. Ó ku méjìdínlógún fún ọmọ, mẹ́sàn-án wọ ara Màmá Gouka. Ó fi àwòrán eléyín méjì hàn wọ́n. Bàbá mi yí kàyé dé ẹ̀yìn, ó rí oògùn àti wákàtí, ó sì wo ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ ò rí i?” ni màmá mi wí. “Wọ́n ń fi ọwọ́ kan fún un, wọ́n ń fi èkejì gbà á.”

Màmá Gouka yíjú sí mi. Kò bínú. Ó rò pé ìwé kíkà màmá mi ló kù díẹ̀ káàtó. “Ọmọ mi, sọ fún wọn. Kí ni mo ní kí o kọ?”

Mo rántí pàṣán. Mo rántí omi tútù. Gbólóhùn kan péré ì bá ti tó, pé eré ni, bóyá n ó jẹ pàṣán mẹ́wàá, kó tán síbẹ̀. Mo wo ojú obìnrin náà, mo ní, “Ohun tí ẹ ní kí n kọ ni mo kọ.”

Kò sí ẹni tó lù ú. Kò sí ẹni tó tilẹ̀ pè é ní àjẹ́. Bàbá mi sọkún, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ máa gbé ahéré ẹbí wa lẹ́bàá igbó Agoua, nítorí Ọlọ́run, nítorí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí òun ní. Òun tí ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn pọ̀n ló ń dọ̀bálẹ̀ lé e jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, zẹ́mìjàn kan gbé e lọ pẹ̀lú ẹrù orí kan. Kí ó tó gun alùpùpù, ó ti sọ fún mi wákàtí tí oògùn ọ̀sán bọ́ sí.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí Savalou, tí wọ́n fa omi sí i lára, tí wọ́n sì yí oògùn rẹ̀ padà. Ọjọ́ kẹrin, ó béèrè iṣu. Kò sẹ́ni tó rántí omi tí wọ́n fà sí i. Wọ́n máa ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Màmá mi kàn yí i po ni: àjẹ́ lọ lánàá, ọmọ sàn lónìí. Bàbá mi sun kàyé náà. Nígbà tí àbúrò mi béèrè Màmá Gouka, mo fà á létí, mo ní bó bá fi lè dárúkọ eré wa fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á gbé òun náà lọ sí Agoua. Ó pa ẹnu mọ́. Ó ti di ọmọ yunifásítì ní Parakou báyìí, a kò tíì sọ ọ́ rí láàárín ara wa.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá bẹ́ẹ̀. Màmá Gouka kò tún wọ Bantè. Kò wá sí ìgbéyàwó mi, kò wá síbi ìsìnkú bàbá mi tó tọ́ dàgbà. Mo ń sọ fún ara mi pé ìbínú ni, ìyẹn sì tù mí lára díẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń bínú ṣì mọ̀ pé wọ́n ṣe òun láìdáa.

Lọ́dún tó kọjá, mo pọn ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún, mo gun zẹ́mìjàn láti Bantè, mo lọ bá a. Ọ̀sán gangan ni. Ó ń ṣa èso kajú lábẹ́ igi, ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́: ẹ̀rọ, kàyé, Fàmu, ìdérí ìgò tí mo ń yí, pàṣán tí mo ń sá fún. Mo sunkún. Òun kò sunkún.

“Eré ni?” ló béèrè.

“Eré ni, Màmá. Ẹ ò ṣe nǹkan kan.”

Ó tún ṣa kajú bíi mẹ́ta. “Ọmọ náà sàn nígbà tí mo lọ.”

“Omi tí wọ́n fà sí i ní Savalou ni. Oògùn tí wọ́n pààrọ̀ ni.”

“Ó sàn nígbà tí mo lọ,” ló tún wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní kéú. “Ìwọ rò pé eré lò ń kọ. Ẹni tó ń sùn kò mọ ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ ń rìn dé. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ọmọ mi, mi ò rí i rí lójú ara mi, ṣùgbọ́n mo ń tọrọ àforíjì lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, mi ò jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni sún mọ́ mi.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi Kùránì búra. Ó mi orí sí mi bí ìgbà tí èèyàn ń ṣàánú òpùrọ́ tó ní inú rere. Mo wá tú ọmọ mi sílẹ̀ lẹ́yìn, mo fẹ́ gbé e lé Màmá lẹ́sẹ̀. Ó dìde kíá, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí òdì kejì igi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sínú ìró rẹ̀.

“Jókòó síbẹ̀ yẹn,” ló wí. “Mo ń rí i láti ibí.”

Ó wò ó pẹ́. Ó ní ó lẹ́wà, ó ní imú bàbá mi ni. Nígbà tí mo la ẹnu láti sọ orúkọ ọmọ náà fún un, ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe jẹ́ kí òun mọ̀ ọ́n.