Ìka Mẹ́ta Lára Òrí

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí. Eruku funfun bo ọjà Ìpàta débi pé a ò rí lọ́rì tó ń bọ̀, ìró rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Bí ọyẹ́ bá mú báyẹn, òrí a máa le gbagidi, ojú ìka tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ a sì hàn lára rẹ̀ ketekete.

Àwa tí à ń ta òrí, ojú ìka la fi ń mọ ẹni tó pò ó. Obìnrin kan wà tó ń kó tirẹ̀ wá fún mi láti abúlé kan lọ́nà òkè. Ìka mẹ́ta ló máa ń tẹ̀ sórí ìṣù kọ̀ọ̀kan, ìka gbọọrọ, ti àárín wọ́ díẹ̀. Nígbà tí ara àkọ́bí mi ń gbóná, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi sùn lọ́dọ̀ mi, tó ń fi òrí ra á lára; látìgbà náà la ti di ọ̀rẹ́.

Láàárọ̀ yẹn, ó gbé ẹrù rẹ̀ dé, mo ṣí ewé lára ìṣù àkọ́kọ́, ìka tín-ín-rín ni mo rí. Mo ní háà, àìsàn ló ti mú un rù báyìí. Mo sáré ra ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Ó ń mu ún, mo sì wo ọwọ́ tó fi di igbá mú: bó ṣe wà náà ló wà.

Mo bi í pé ta ló po òrí yìí. Ó ní àwọn ọmọ òun ni. Ọkùnrin méjì péré ló sì bí, ilé ìwé ni wọ́n wà. Mo rán an létí èyí, ó wá ní ìwọ̀fà ni àwọn tó pò ó, ọmọbìnrin mẹ́rin tí àwọn bàbá wọn fi yáwó lọ́wọ́ ọkọ òun lọ́dún tí òjò ò rọ̀.

“Ìgbà wo ni wọ́n máa lọ sílé?”

“Ìgbà tí bàbá wọn bá rí i san. Oníbàárà mi, èwo ni tìẹ níbẹ̀? Ṣé òrí náà ò dáa ni?”

Òrí náà dáa. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí ìyá mi ti ṣe ìwọ̀fà rí, títí ó sì fi kú, kò fẹ́ ká gún nǹkan lódó létí òun, torí odó gígún ló fi sin olówó rẹ̀. Mo sọ fún un pé bí àwọn ọmọ yẹn ò bá délé, n kò ní gba òrí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn tá a jọ ń tà á gbọ́, kò sí ẹni tó gbà á nínú wọn. Ọ̀kan ní kó gbé e lọ fún ọkọ ẹ̀ kó fi jẹ iṣu.

Kò bá wa jà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé e lọ bá akọ̀wé ilé iṣẹ́ tó ń ra òrí lọ́wọ́ gbogbo wa, tí wọ́n ń kó o lọ sí òkè òkun. Mo tẹ̀lé e débẹ̀, mo ro ẹjọ́ náà fún akọ̀wé. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá olóòrí, òrí ò lẹ́nu. Ìwọ̀n la fi ń rà á.”

Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi ò wojú mi nígbà tó ń jáde.

N kò tún fojú kàn án mọ́. N kò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ, àárò rẹ̀ ló ń sọ mí. Bí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, ẹsẹ̀ mi a fẹ́ máa lọ síbi tí lọ́rì yẹn ń dúró sí. Mo sì máa ń rò ó bóyá àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn délé.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí mo ro ẹjọ́ náà, mo padà lọ bá akọ̀wé. Mo gba òrí tèmi tí mo ti kó síbẹ̀ tí wọn ò tíì wọ̀n, mo ní níwọ̀n ìgbà tó bá ń gba òrí tí ìwọ̀fà pò, tèmi ò ní wá mọ́. Mo rù ú padà sí Ìpàta, mo gé e wẹ́wẹ́, mo ń tà á fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ìṣù kan tó kù nínú ti àtijọ́, tí ìka gbọọrọ mẹ́ta wà lára rẹ̀, mi ò tà á. Mo rì í sínú omi tútù nínú ìkòkò, kí oòrùn ọ̀sán má baà yọ́ ọ.