Ẹni Tó Gbin Kòkó Yí Odi Mi Ká

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó wá purọ́ fún mi nídìí eré. Irọ́ ọjà, mo lè gbà á mọ́ra, torí wọ́n fẹ́ tajà wọn ni. Ṣùgbọ́n eré tí a fọwọ́ ara wa ṣe, tí a jókòó tì láti gbádùn, kí ni irọ́ ń wá níbẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, mò ń retí yunifásítì, mo sì ń ti Ìkirè lọ ran ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Àpòmù. Káfíńtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ olóko kòkó láti Ìkirè-Ilé, tó jù mí lọ díẹ̀. Ó fi àjákù pákó ṣe ojú ogun kan tí a ń ṣeré lórí rẹ̀. Ìlú wà láàárín, odi yí i ká, ààfin àti ọjà wà nínú rẹ̀, oko wà nínú odi àti lẹ́yìn odi. Ìdérí ìgò mínírà ni ọmọ ogun. Bí wọ́n bá ti kírun Aláásárì tán, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á pé lé e lórí. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀, n kì í sì í pa ọjọ́ jẹ. Mo fẹ́ràn eré yẹn dé góńgó.

Ohun tó ń bí mi nínú ni bí ìlú ṣe ń ṣubú. Ẹni tó gbógun wá á kó ìdérí rẹ̀ dé ẹ̀bá odi, á ju dáìsì lúdò. Bó bá ti já sí mẹ́fà, odi wó, ìlú ti lọ nìyẹn. Ìlú á ti ṣubú kí àkàrà tí wọ́n dà sínú epo tó yípadà. Ìyá ìyá mi, ọmọ Orílẹ̀-Òwu, kì í sọ̀rọ̀ ìbọn bó bá ń sọ nípa ogun tó tú ìlú wọn àtijọ́. Ebi ló máa ń sọ. Ó ní àwọn tó dó ti odi Òwu pẹ́ níbẹ̀ gan-an, àwọn tó wà nínú odi sì ń fi awùjẹ, irú ẹ̀wà kan, gbé ẹ̀mí ró títí agbára fi tán. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́," ni yóò fi kádìí rẹ̀.

Mo sọ fún káfíńtà pé eré rẹ̀ kò mọ ogun rárá.

"Ìwọ tí o ò gbé ìbọn rí?" ló wí.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, bọ̀dá?"

Mo bá gbé òfin tèmi kalẹ̀. Kò sí dáìsì lẹ́bàá odi mọ́. Bí eré bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan, ìdérí kọ̀ọ̀kan á jẹ hóró àgbàdo kan nínú àká ẹni tó ni ín. Èyí tí kò bá rí jẹ, ó ti sá lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ìlú lè dáko, ẹni tó dó síta náà lè dáko. Ẹni tí ebi bá kọ́kọ́ ṣẹ́gun ló pàdánù. Kòkó ti wà nínú eré náà tẹ́lẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Hóró rẹ̀ kan tó bá dé ọjà, ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo ni wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀.

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ẹnìkan ní ṣe ni mo fẹ́ sọ ogun di ọ̀rọ̀ ìdáná. Káfíńtà ní ó dáa, ká gbé e wò. Òun á dó, èmi á ṣọ́ ìlú. Bí odi mi bá dúró, òfin tèmi la ó máa lò. Bí n kò bá lè dúró, kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, kí n má débi ojú ogun yìí mọ́. Mo ní mo gbà. Mo mọ bí ìrọ̀lẹ́ á ṣe rí lára mi tí mo bá ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìn ògiri.

Mo gbin àgbàdo sí gbogbo oko inú odi, mo fara balẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ìdérí mi. Tiẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ fíìfíì. Ó fi wọ́n ká mi mọ́ pinpin, kò sí ibi tí eku lè gbà jáde. Ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan yí ibùdó rẹ̀ ká. Kòkó ni. Kòkó lọ́tùn-ún, kòkó lósì, kò ṣẹ́ ilẹ̀ kù fún àgbàdo.

Mo wojú rẹ̀. Kò ṣàwàdà. Nílé tiwọn, kòkó ni wọ́n fi kọ́lé, òun ni wọ́n fi rán ọmọ níwèé, òun ni bàbá wọn fi lọ Mẹ́kà. Ilẹ̀ tó dáa tó bẹ́ẹ̀, ọmọ olóko kòkó wo ni yóò gbin àgbàdo sí i? Mo pa ẹnu mi mọ́.

Eré ń yí, àká rẹ̀ ń fà. Kòkó rẹ̀ so jìngbìnnì. Ó ká a, ó kó o jọ tìdùnnú-tìdùnnú, ó nawọ́ sí àgbàdo ọjà.

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bọ̀dá, níbo ni ọjà wà?"

Ó wo ojú ogun títí. Ọjà wà níwájú ààfin, ààfin wà nínú odi, òun fúnra rẹ̀ ló sì ká odi mọ́.

"Ṣí ẹnubodè díẹ̀," ló wí, "kí n ta èyí."

"Ẹ ká mi mọ́lé, ẹ tún fẹ́ wá nájà lọ́dọ̀ mi? N ò ra kòkó."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àwọn ìdérí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń kó wọn kúrò, títí ìta odi fi dá wáí. Inú mi dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dà mí láàmú. Kò sí ẹni tó máa lé mi níbẹ̀ mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ yìn ín: kò bínú. Ó sún sápá kan lórí bẹ́ǹṣì fún mi, ó ní ká tún un ta, pé òun ló máa wà nínú ìlú báyìí. Mo dó tì í. Ilẹ̀ ìta pọ̀ ju ti inú lọ, àgbàdo ni mo sì gbìn sí gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì, àká rẹ̀ ti gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣí ẹnubodè fún mi.