Bàtà tí Hallkel Rán fún Ọmọ Ọba

Hallkel, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, kì í purọ́ rárá, ìwà ọ̀hún sì máa ń bí mi nínú. Bí ọbẹ̀ mi ò bá dùn, ojú mi náà ni yóò ti sọ ọ́. Bàtà ló ń rán. Òun ló tọ́ Gyrid, ọmọ tí ìránṣẹ́bìnrin kan bí fún ọba, tí ìyá náà sì kú sórí ìkúnlẹ̀.

Nígbà tí Gyrid di ọmọge, ìdílé ìjòyè kan ní Eikanes fẹ́ ẹ fún ọmọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní gbé ọmọ àlè wọlé. Ọba, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, ní òun yóò gbà á sínú ẹbí bí òfin ti wí: kí wọ́n pa akọ màlúù ọlọ́dún mẹ́ta, kí wọ́n fi awọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ọ̀tún rán bàtà, kí bàbá, àrólé àti ọmọ náà ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni mo gbé abọ́ ẹ̀jẹ̀ dání. Ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ Hallkel, awọ ti ọ̀tún ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Kò sí akọ màlúù ọlọ́dún mẹ́ta mìíràn nítòsí, ọba sì ti ń mí gúlegúle. Hallkel wò mí lójú, ó bó ti òsì. Awọ òsì náà ló fi rán bàtà.

Ní gbọ̀ngàn, ọba ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ó kan Ottar, àrólé, tí kò fẹ́ rí Gyrid sójú. Ó gbé bàtà náà yẹ̀ wò.

"Oníbàtà, ẹsẹ̀ wo lo ti bó awọ yìí?"

"Ti ọ̀tún ni, olúwa mi."

"Hẹn-ẹn! Ó yá, gbọ́wọ́ lé Ìwé Mímọ́ kó o búra. Ṣebí wọ́n ní o kì í purọ́? Àbí ẹnu ń wúwo fún ẹ lónìí?"

Bí Hallkel bá sọ òtítọ́, Gyrid yóò padà sí ilé màlúù tó ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ àlè ni yóò sì jẹ́ títí, torí ọba ò lè lo ọ̀sẹ̀ náà parí. Bí Hallkel bá búra èké, ọ̀run àpáàdì ni tirẹ̀, ó sì gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn.

Ó gbọ́wọ́ lé ìwé náà. "Ti ọ̀tún ni."

Ottar pòṣé, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Gyrid tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà, Hallkel ò jẹ oúnjẹ Olúwa mọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó ń kú lọ, mo gbọ́ tí àlùfáà ń bẹ̀ ẹ́.

"Ṣáà sọ pé o kábàámọ̀, Hallkel, n ó dárí jì ẹ́."

"Fadá, mi ò kábàámọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún pa irọ́ kejì ni?"

Wọ́n ò sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Etíkun ni wọ́n sin ín sí, níbi tí omi ti ń kan koríko, pẹ̀lú àwọn ọ̀daràn àti abúra-èké.

Gyrid fi ẹṣin sáré wá láti Eikanes. Ọmọ mẹ́ta ló ti bí fún wọn níbẹ̀. Ó dì mí mú, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni bàbá ṣẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.