Káàdì Bàálù àti Oríkì Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí inú mi máa ń dùn bí òórùn pápákọ̀ òfuurufú Àbújá bá ti kan imú mi: òórùn afẹ́fẹ́ tútù inú ẹ̀rọ, lọ́fínńdà àwọn ọlọ́jà ńlá, àti míìtì páì àná tí wọ́n tún gbé kaná. Ara mi a yá gágá, bí ẹni pé èmi ni mo ni bàálù. Òórùn yẹn kò yí padà títí di òní, ṣùgbọ́n bó bá ti kàn mí nímú báyìí, ṣe ni ẹnu mi máa ń korò.

Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi lọ sí Àbújá. Ọmọ Ìlọ́bù ni mí, ìyàwó mi sì ń ṣe tíṣà ní Òṣogbo, nítorí náà mo máa ń wálé léraléra. Mọ́tò ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀. Nígbà tí àwọn ajínigbé wá sọ ọ̀nà Lọ́kọ́já di ọ̀nà tí èèyàn ń ṣe wasiyya, tó ń pín ogún rẹ̀ sílẹ̀, kó tó gbà, gbogbo àwa tí owó oṣù wa ká a sá wọ inú bàálù. A ó balẹ̀ sí Ìbàdàn, a ó sì wọ takisí délé. Ilé-iṣẹ́ bàálù tó ń ná ọ̀nà yẹn ju ẹyọ kan lọ. Mo bá ọ̀kan nínú wọn rìn lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì yà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́.

Bí ẹ bá bi mí nígbà náà pé kí ló dé tí mi ò fi yà, káàdì ni mo máa fi hàn yín. Wọ́n fún mi nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò lọ síbòmíràn. Ó ń dán yanran, orúkọ mi wà lára rẹ̀ ní kíkún, wọ́n sì kọ Alhaji síwájú rẹ̀, èmi tí n kò tíì fojú kan Mẹ́kà rí. Mi ò ní kí wọ́n yọ ọ́. Àwa oníkáàdì ní ìlà tiwa níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, bí bàálù bá sì pẹ́, tí kò sì sí ìgbà tí kì í pẹ́, a ní yàrá tiwa tó ní àga tìmùtìmù àti tíì ọ̀fẹ́. Wọ́n sọ báàgì mi nù rí. Wọ́n gbé wa dé Èkó rí nígbà tó jẹ́ pé Ìbàdàn ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì wa, wọ́n ní kí oníkálukú wá ọkọ̀ wọ̀. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí mo máa ń pariwo, mo máa ń búra pé ó tán láàárín èmi àti wọn. Bó bá tún di ìrìn àjò mìíràn, ọ̀dọ̀ wọn náà ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn yìí ti fún yín ní nǹkan jẹ o."

Káàdì kọ́ ló mú mi, kí n má purọ́. Obìnrin kan tó wà ní káńtà wọn ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí orúkọ mi, ó gbójú sókè, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ ibo lẹ jẹ́ nílé?" Mo ní Ìlọ́bù. Obìnrin yìí dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Áà, ẹ kú ilé o! Ọmọ Ẹ̀rìn ni mí!" Ẹ̀rìn kò jìnnà sí Ìlọ́bù rárá. Ẹni tí kò bá gbé ibi tí àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ti ń fọ́ orúkọ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ láràárọ̀ kò lè mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ yẹn ṣe fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó máa ń béèrè ìyá mi. Nígbà tí ìyá mi kú, gbogbo Àbújá ní kí n gba kámú lédè òyìnbó, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Òun nìkan ló di ọwọ́ mi mú, tó sì kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀fọ̀ nílé wa pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere."

Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì ti mọ ohun tí mo sọ yẹn. Ìlọ́bù àti Ìfọ́n sún mọ́ra débi pé èèyàn kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọ̀kan parí sí yẹn gan-an ló sì ń dá ìjà ilẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn láti ìgbà tí a kò tíì bí wa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, ìyá mi a wọ yàrá lọ, a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ rẹ̀ wà níhìn-ín, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ìyàwó Ìfọ́n ni wọ́n ń pè é nínú agbo ilé wa nígbà tó wọlé wá, Ìyàwó Ìfọ́n náà ni wọ́n sì ń pè é títí wọ́n fi gbé e sin. Mi ò gbọ́ kí ẹnì kan nínú ilé yẹn fi oríkì rẹ̀ kì í rí. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìfọ́n, ẹni tí èmi ń pè ní Ìyá Àgbà. Bí Ìyá Àgbà bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ojú ìyá mi a dà bíi ti ọmọdé.

Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi bẹ̀ mí fún lórí àìsàn nìyí: "Bí o bá bí obìnrin, fi oríkì mi kì í. Kí wọ́n máa pè é nínú ilé yìí." Ẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Orúkọ ọmọ lè pọ̀, bàbá á sọ tirẹ̀, ìyá á sọ tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á sọ tiwọn. Oríkì kan ṣoṣo ni ọmọ ń ní, èyí tí wọ́n bá sì pè lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun ló kù.

Ìyàwó mi bí obìnrin. Bàbá mi ti kú, nítorí náà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Àgbà, olórí ilé wa ní Ìlọ́bù, ni a gbé ọmọ lọ. Mo wálé wá wo ọmọ, mo padà síbi iṣẹ́, mo ṣètò láti dé lọ́jọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ. A kì í sọ orúkọ ọmọ síta kí ọjọ́ tó pé, nítorí náà ìyàwó mi nìkan ló mọ oríkì tí mo fẹ́ pè, àti Ìyá Àgbà tí mo lọ bá ní Ìfọ́n. Inú Ìyá Àgbà dùn débi pé ó da omijé. Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti kú, kò tíì tẹ àgbàlá wa. Ó ní, "N ó wá. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ."

Ọ̀sán ni bàálù wa yẹ kó gbéra. Wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Èkó. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún ní ó ń bọ̀ láti Èkó. Mo mu tíì ọ̀fẹ́ títí inú mi fi wú. Ọ̀gbẹ́ni ọ́fíìsì wa, tí òun náà ń lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ mìíràn, wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àyè ṣì wà nínú tiwa. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ." Mo lọ bá ọmọ Ẹ̀rìn ní káńtà, mo sọ fún un pé ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ ọmọ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ó ti gbéra ni. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ó sọmọ lórúkọ." Mo bá padà lọ jókòó. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ má rò pé nítorí tíì ni, tàbí nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ojú ló tì mí. Ojú tì mí láti gba iwájú ọmọ ilé mi kọjá pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ká mọ́ ẹnu ọ̀nà àlè.

Bàálù ọ̀gbẹ́ni ọ́fíìsì wa gbéra lójú mi. Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọ́n ní tiwa kò lè lọ mọ́, Ìbàdàn kì í gba bàálù lálẹ́. Ọmọ Ẹ̀rìn ni wọ́n rán síta láti wá sọ fún wa, àwọn ọ̀gá rẹ̀ jókòó sínú. Àwọn èèyàn bú u bíi pé òun ló ń wa bàálù. Ó ń sunkún, kò lè wo ojú mi. Èmi nìkan ni mi ò bú u, mo sì rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo hù.

Wọ́n kó wa sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní bàálù àkọ́kọ́ ni a máa wọ̀ láàárọ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo pe Bàbá Àgbà lórí fóònù, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró dè mí.

"Dúró dè ọ́ títí di ìgbà wo? Àwọn àfáà ti ń bọ̀, ibòmíràn ṣì wà tí wọ́n ń lọ."

"Ẹ má bínú sà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ oríkì tí ẹ máa pè fún yín. Àbẹ̀kẹ́ ni."

"Àbẹ̀kẹ́ ta ni?"

"Oríkì màmá mi ni sà."

Wọ́n rọra bi mí pé, "Ìyàwó Ìfọ́n ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́?" Mo búra fún yín, wọn ò mọ̀. Obìnrin yẹn gbọ́únjẹ fún wọn, ó fọṣọ fún wọn, ó darúgbó sí ojúde wọn, wọn ò mọ̀. Wọ́n wá ní, "Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Bí o bá wà níbí, tí o bá pè é, ta ló máa dá bàbá ọmọ lẹ́kun? O ò sí níbí. Èmi náà ní ìyá." Wọ́n sì pa fóònù.

Ìyàwó mi ló ròyìn ìyókù fún mi. Nígbà tí àfáà béèrè oríkì ọmọ, Bàbá Àgbà ní Àjọkẹ́, oríkì ìyá tó bí wọn. Gbogbo ilé ṣe àmín. Ìyàwó mi, ọmọ tuntun lọ́wọ́, kò lè dá sí ọ̀rọ̀ olórí ilé. Ó kàn wo Ìyá Àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó wọ léèsì rẹ̀ àtijọ́. Ìyá Àgbà fi ẹ̀bùn ọmọ sílẹ̀, ó gbé àga rẹ̀ síbi tí yóò ti máa rí títì, ó sì ń retí mi. Nígbà tí oòrùn kàn án lórí, ó ní kí wọ́n bá òun pe ọ̀kadà, ó sì padà sí Ìfọ́n. Kò tẹ àgbàlá wa mọ́.

Nígbà tí mo fi máa dé, àga ni wọ́n ń kó lọ. Wọ́n kí mi kú ewu ọmọ. Ọmọ sunkún nínú yàrá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé sì kígbe pé, "Àjọkẹ́ ti jí o!" Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Mo bínú sí Bàbá Àgbà títí wọ́n fi kú, ìbínú náà kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀, èmi ni mi ò sí. Ilé-iṣẹ́ bàálù fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí n má bínú, àwọn ti fi póíǹtì tí mo lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì kún káàdì mi.

Ẹ ó rò pé mo kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mi ò kúrò. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ọmọ Ẹ̀rìn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì yẹ kí ojú tó ń tì mí bá a lọ, ṣùgbọ́n mi ò kúrò. Ìyàwó mi bi mí léèrè títí ó sú u. Mo máa ń wá àwíjàre: ìlà tiwa, àga tìmùtìmù, póíǹtì tó ti jọ. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá lè wọ bàálù ẹlòmíràn lónìí, kí ọ̀run má sì ya, a jẹ́ pé mo lè wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà. Ohun tí mi ò lè gbé nìyẹn. Ó sàn kí n máa bá wọn jókòó nínú yàrá tútù yẹn, kí n máa mu tíì wọn, kí n máa bú wọn nínú ọkàn mi.

Iléyá tó kọjá yìí, mo mú ọmọbìnrin mi lọ kí Ìyá Àgbà ní Ìfọ́n. Ó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ojú Ìyá Àgbà kò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ kúnlẹ̀, ó kí i. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó fọwọ́ pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì rọra pè é pé, "Àbẹ̀kẹ́."

Ọmọ mi bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí wọ́n ń pè. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi parí, mo ń padà sí Àbújá. Ní káńtà Ìbàdàn, ọmọdébìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Alhaji. Ẹ má bínú, bàálù máa pẹ́ díẹ̀." Mo dá a lóhùn, mo sì lọ jókòó.