Ọ̀nà Tó Yà Lọ Sí Abúlé Olóṣèlú

Fún ọdún méjì, bọ́ọ̀sì méjì ni mò ń wọ̀ láàárọ̀ láti Springfield Gardens lọ sí Queens Village, nílùú òyìnbó, kí n lọ wẹ bàbá àgbàlagbà kan, kí n fún un lóògùn, kí n sì gbọ́ ìtàn ọ̀nà kan tó wà ní Japan. Ìtàn gbígbọ́ kò sí nínú ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n òun ló ń gba àkókò jù.

Ọmọ Japan ni bàbá náà, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Nígbà èwe rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wọ̀n fún ìjọba, ó sì wà lára àwọn tó ya ibi tí ọ̀nà márosẹ̀ agbègbè wọn máa gbà. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ létí òkun, ó la oko ìrẹsì kọjá, ó dé ẹsẹ̀ òkè, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń lọ wá. Nígbà tí wọ́n dá òkè lu tán, dípò kí ó lọ tààrà sí òkun tó wà lódì kejì, ó kọ́kọ́ yà sọ́wọ́ òsì.

“Kí ló wà lọ́wọ́ òsì, Bàbá?”

“Abúlé olóṣèlú ńlá kan.”

“Ṣé abúlé náà tóbi?”

“Ọ̀bọ ibẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ ò tíì rí nǹkan kan.” Mo sọ fún un pé nílùú tiwa, gómìnà mẹ́ta ti gé rìbọ́ọ̀nù ọ̀nà kan ṣoṣo nígbà mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn gé e lẹ́ẹ̀mejì, torí pé àwọn onífọ́tò pẹ́ dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ó gbé ife tíì kalẹ̀. “Ọ̀nà ọ̀hún ńkọ́?”

“Kò sí ọ̀nà, Bàbá. Rìbọ́ọ̀nù ló wà.”

Ojú rẹ̀ korò díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lójú ìjàkadì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí fídíò ẹnì kan tó gbé kámẹ́rà síwájú mọ́tò, tó sì wà á gba ọ̀nà Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbé e sí tẹlifíṣọ̀n. Inú Bàbá dùn. Ó ń dárúkọ ihò abẹ́ òkè kọ̀ọ̀kan kí a tó wọ̀ ọ́, ó sì ń bá awakọ̀ wí pé eré rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó gbọ́wọ́ sókè.

“Dá a dúró.”

Mo dá a dúró.

“Ọgbà èso opó kan ló wà níbí tẹ́lẹ̀,” ó wí. “Ó ń fún mi ní tíì ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi wọn ilẹ̀ rẹ̀. Kò bi mí pé kí ni mò ń wọ̀n. Èmi náà ò sọ.”

“Olóṣèlú yẹn ló fà á, Bàbá.”

“Olóṣèlú ò mọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú. Ọwọ́ mi ló fa ìlà náà.”

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo wá sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ rìbọ́ọ̀nù kẹrin. Èmi gan-an ni mo kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ jó. Wọ́n fún wa ní búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan àti fìlà tí àwòrán gómìnà wà lára rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ la ti jó, bàtà mi kan sì há síbẹ̀.

“Ṣé o mọ̀ pé wọn ò ní ṣe ọ̀nà náà?”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

Kò sọ pé kò burú. Ó kàn ti àwo bísíkíìtì sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n jẹ́ kí mọ́tò máa lọ. A gba abúlé náà kọjá láì pàdé ọkọ̀ kankan, a sì ń wo ọ̀nà náà títí ó fi dé òkun.