Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Mi Fi Tòmátì Sílẹ̀

Ẹ̀rù kì í sábà bà mí níwájú èrò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe nítorí ara mi o. Nítorí ọ̀gá mi ni.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ayé ni. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì bí wọ́n ṣe máa tún sílébọ́ọ̀sì wọn tò, kí ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn lè jókòó sí kíláàsì wọn kó sì gbádùn rẹ̀, kí ọmọ tiwa náà lè gbé ìmọ̀ yẹn dé ibikíbi láyé. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkòsí la ti ń ṣe é. Òyìnbó obìnrin kan wá láti yunifásítì òkè òkun. Ó fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, kí onítọ̀hún lọ fi ọdún kan kọ́ni lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀gá mi wà níbẹ̀. Àwọn ló kọ́ mi nígbà tí mo wà nílé ìwé. Wọn ò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Àbúrò, tí n ò bá rí eléyìí lọ, ó ti tán nìyẹn."

Ọkàn mi balẹ̀. Ta ló fẹ́ bá wọn du ú? Bí irè oko kò ṣe ní bàjẹ́ ni wọ́n ń kọ́ni, ọjà Mile 12 sì ni kíláàsì wọn. Wọ́n á kó wa lọ síbi tí lọ́rì ti ń já tòmátì láti òkè Ọya, wọ́n á ní ká da agbọ̀n kan sílẹ̀, ká wo èyí tó bẹ́ nísàlẹ̀, ká wá bi ara wa léèrè ìdí. Àwọn tó ń tà á á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ máa ra èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn o!" Títí dòní, mi ò lè ra tòmátì kí n má yẹ ìsàlẹ̀ agbọ̀n wò.

Olúkúlùkù ń ṣàlàyé kíláàsì rẹ̀ fún òyìnbó náà, ó wá kan ọ̀gá. Wọ́n dìde nínú kóòtù tuntun. Àwòrán àkọ́kọ́ yọ lára ògiri. Sitirọ́bẹ́rì, èso pupa ilẹ̀ òyìnbó!

Mo ní bóyá wọ́n ṣì í gbé ni. Èkejì yọ, sitirọ́bẹ́rì. Ẹ̀kẹta, ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń mú èso tutù nílẹ̀ òyìnbó, yìnyín yí i ká. Yéè! Ọ̀gá mi, tí mo mọ̀ pé wọn ò fẹnu kan sitirọ́bẹ́rì rí! Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ jáde bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí, òógùn bò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́.

Òyìnbó náà rọra bi wọ́n pé níbo làwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń rí èso yìí.

Wọ́n ní, "Nínú ìwé ni, Màdáámù."

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbàgbé pé èmi ni mò ń darí ìpàdé. Mo pariwo ní Yorùbá, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti Mile 12! Ẹ sọ ti tòmátì!"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Ọ̀gá wò mí bí ẹni tí mo tú sí ìhòòhò.

"Tòmátì kẹ̀? Níwájú àlejò?" Wọ́n jókòó.

Obìnrin kan tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń yan ẹja létí omi ní Agbóyì ni òyìnbó náà mú. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀, ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un.

Inú bí mi débi pé ojú mi ń ṣú. Mo lé wọn bá lẹ́nu géètì. "Ọ̀gá, kí ló ṣe yín? Gbogbo bí mo ṣe ń pariwo láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ ò gbọ́ ni?"

Mo rò pé wọ́n á jágbe mọ́ mi. Wọn ò bínú rárá.

"Mo gbọ́, àbúrò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń fi tòmátì kọ́ni, ta ló ránṣẹ́ pè mí rí? Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ ti òyìnbó, gbogbo wọn ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Mo rò pé tòmátì yẹn ló dá mi dúró."

Wọ́n bọ́ kóòtù wọn, wọ́n ká a sápá, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà Kétu.